Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n ní àrùn Marfan ló ń ṣe ọmọ mi

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Bó bá na apá méjèèjì, ó gùn ju ìdúró rẹ̀ lọ. A ní bàbá àgbà ló jọ. Tìtorí ojú la ṣe lọ sọ́síbítù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé dígí inú ẹyinjú rẹ̀ ti yẹ̀, tí wọ́n ní ká lọ ya ẹ́kò, ìyẹn àwòrán ọkàn. Áọ́tà, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde, ti fẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 4.1. Òṣìṣẹ́ kan wá sọ sí mi létí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dalẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Kóòṣì básíkẹ́ẹ̀tì tún ń wá a wá sílé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Nínú ìwádìí 1972, tí a bá ro ó pọ̀ ká pín in, ọdún 32 ni àwọn tó ní Marfan ń kú. Nígbà tó di 1995, ìwádìí mìíràn rí i pé ó ju ìdajì wọn lọ tó lè lé ní 70. Àrùn náà ò yí padà o, ìtọ́jú ló yí padà. Jíìnì (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) kan tó ń jẹ́ FBN1 ló ń ṣe okùn tínńtín tó ń di ẹran ara mú. Bó bá ní àbùkù, ògiri áọ́tà á máa fẹ̀ bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò tó ti gbó, títí tó fi lè fàya. Fífàya yẹn ló ń pa wọ́n. Oògùn losartan tàbí atenolol máa ń dín bó ṣe ń yára fẹ̀ kù. Ẹ́kò lọ́dọọdún, ó kéré tán. Bó bá ti ń tó sẹ̀ǹtímítà 5, wọ́n á pààrọ̀ ibi tó fẹ̀ kó tó fàya.

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Ìyá wa, èmi gan-an ní i. Ẹni ọdún 51 ni mí, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Bí ilé bá pa rọ́rọ́ lóru, ìyàwó mi máa ń gbọ́ ìlẹ̀kùn ọkàn tí wọ́n fi sí mi tó ń dún tíkí-tíkí bí aago. Ó ní òun ò lè sùn mọ́ bí òun ò bá gbọ́ ọ. Básíkẹ́ẹ̀tì, rárá o! Ẹrù wúwo náà, rárá. Kó máa rìn, kó máa lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ yẹ àwọn àbúrò rẹ̀ àti ẹ̀yin òbí wò pẹ̀lú. Nínú ìbejì tèmi, Kẹ́hìndé ọkùnrin jogún un, Táíwò obìnrin ò ní in.

Apòògùn, Òṣogbo:
Mọ̀mí, bí táífọ́ọ̀dù bá mú un, ẹ má ra sípró (ciprofloxacin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) fún un ní kẹ́mísì. Ní December 2018, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé sípró àti àwọn ẹbí rẹ̀ bíi levofloxacin lè mú kí áọ́tà fàya, wọ́n sì dárúkọ Marfan. Oògùn mìíràn wà. Ẹ kọ ọ́ sára fáìlì rẹ̀.

Ìyá ọmọ:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Mo ti pe kóòṣì. Sípró tó ṣẹ́ kù látìgbà táífọ́ọ̀dù ọdún tó kọjá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, mo ti kó o dà nù. Ọ̀la la máa gbé àbúrò rẹ̀ lọ ya ẹ́kò.