Ọ̀bẹ kékeré tó ń ká sápò tí kò wọ́n: ẹ wá sọ èyí tójú yín ti rí

Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Láàárín ọdún kan ṣoṣo mo ti ra ọ̀bẹ kékeré tó ń ká mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́, síkúrù tó so ojú rẹ̀ mọ́ èèkù yọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó já bọ́ sí, mo kàn kiwọ́ bàpò ni mo rí i pé ojú ọ̀bẹ dá wà, èèkù náà dá wà. Ìkejì ò yọ síkúrù ní tiẹ̀, àmọ́ kì í mú, ẹ pọ́n ọn láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá ti fi gé páálí méjì báyìí ó ti dà bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ìkẹta ló pa mí lẹ́rìn-ín jù torí èmi náà ni mo fi ojú ara mi yàn án: ó dúdú kirikiri, ó ní eyín bí ayùn lápá kan, ó wúwo débi pé ṣòkòtò mi ń sọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo bá ń rìn, ọjọ́ tí mo sì yọ ọ́ níbi iṣẹ́ láti fi gé okùn ara ẹrù, ẹni tó jókòó tì mí rọra sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Tí mo bá ṣírò owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó ti tó ra ojúlówó kan. Iṣẹ́ tí mo ní fún un ò sì pọ̀: kí n ṣí páálí, kí n gé okùn, kí n gé òwú tó yọ lára aṣọ, kí n bó èso. Mi ò lọ sógun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ to orúkọ ọ̀bẹ fún mi o, ẹ sọ bó ṣe ṣe yín.

—

Pẹ̀lẹ́ o àbúrò. Ìka ni èmi fi san owó ẹ̀kọ́ tèmi. Mo rù nígbà kan, bẹ́líìtì mi ò wá mú ìdí mọ́, mo ní kí n dá ihò kan sí i, mo gbé ṣóńṣó ọ̀bẹ lé awọ, mo ń tì í. Ọ̀bẹ yẹn ò ní lọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tó ń há ojú ọ̀bẹ tó bá ti ṣí kó má lè ká padà, sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń dì í mú. Awọ ò gbà, ọ̀bẹ bá ká padà, orí ìka ìlábẹ̀ mi ló ká lé. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rán an, títí dòní tí òtútù bá mú, ìka yẹn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀.

Mi ò ní bá ọ̀bẹ jà ṣá, ọwọ́ mi ló jẹ̀bi. Èyí tí kò bá ní lọ́ọ̀kì, ẹ fi gé nǹkan, ẹ má fi gún nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ń fi ẹnu rẹ̀ fa nǹkan ya, agbára tẹ́ ẹ ń lò ń tì í kó túbọ̀ ṣí ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fi ṣóńṣó rẹ̀ ti nǹkan, tàbí tẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu nǹkan, ìgbà yẹn ló máa ń rántí pé òun lè ká.

Látọjọ́ náà Opinel nọ́ńbà 8 ni mò ń lò, tàwọn ará Faransé. Èèkù igi ló ní, ojú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 àbọ̀, ó fúyẹ́ débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà lápò yín. Òrùka irin kan wà lọ́rùn rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ṣí i tán ẹ yí òrùka náà, ó parí, kò lè ká mọ́. Láti 1890 ni wọ́n ti ń rọ ọ́, ṣùgbọ́n 1955 ni òrùka yẹn tó dé ara rẹ̀. Kò sí síkúrù kankan níbẹ̀ tó máa yọ o, ẹ̀yin tí síkúrù dá lóró. Ọwọ́ méjì lẹ máa fi ṣí i ṣá, tọ́wọ́ kan bá dí lára yín, ẹ ó ní sùúrù.

—

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ṣáà fẹ́ràn nǹkan gbọ̀ọ̀rọ̀. Victorinox tó kéré jù yẹn, èyí tí kò ju mìlímítà 58 lọ tẹ́ ẹ bá ká a, òun ló wà lára kọ́kọ́rọ́ mi láti ọdún mẹ́sàn-án. Ojú ọ̀bẹ rẹ̀ kò ju ìka ọmọdé lọ. Kí ni mo fẹ́ gé tí kò ní gé? Ká tiẹ̀ sọ òótọ́, sísọ́ọ̀sì kékeré tó wà lára rẹ̀ ni mò ń lò jù, lẹ́yìn náà ẹ̀mú tíntín tí mo fi ń yọ ẹ̀gún fún àwọn ọmọ. Ìtayín rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Àwọn ará Switzerland tó ń ṣe é ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀bẹ láti 1884, 1897 ni wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀bẹ alápá púpọ̀ tí wọ́n ṣe fáwọn ọ̀gágun, àwọn tèmi wọ̀nyí sì jẹ́ ọmọ-ọmọ tiẹ̀.

Ohun tó tún jẹ́ kí n fara mọ́ èyí tí kò ní lọ́ọ̀kì ni ọ̀rọ̀ òfin. Ọmọ mi ń gbé Ìlú Ọba, mo fẹ́ ra ọ̀bẹ bíi ti ẹ̀gbọ́n òkè yìí ránṣẹ́ sí i, òun ló ní màmá ẹ dúró ná. Òfin wọn ti 1988 sọ pé èyí tó ń ká, tí ẹnu rẹ̀ ò ju ínǹṣì 3 lọ, lèèyàn lè mú rìn nígboro láìjẹ́ pé ó ń ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, èyí tó bá sì ti ní lọ́ọ̀kì tó mú un dúró, ó ti bọ́ sápá kejì, bó ti wù kó kéré tó, ẹ máa ní láti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Torí náà ẹni tó bá ń sọ pé dandan ni lọ́ọ̀kì, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ibo ló ń gbé.

—

Ẹ ṣé màmá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti pápákọ̀ òfurufú kún un. Èmi, ọ̀bẹ tó kéré bíi tiyín gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mo ti gbàgbé pé ó wà lára kọ́kọ́rọ́, wọ́n tú u, wọ́n jù ú sínú ike kan tó ti kún fún ọ̀bẹ ẹlòmíì, mo kàn ń wò ó. Amẹ́ríkà fẹ́ gbà á láyè ní 2013 pé kéèyàn lè mú èyí tójú rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ wọ ọkọ̀ òfurufú, kò pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi yí ọ̀rọ̀ náà padà. Inú báàgì tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kó o sí. Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé o.

—

Iṣẹ́ àtúnṣe ni mò ń ṣe, mo máa ń ra ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú torí mo máa ń sọ wọ́n nù, àwọn tó ti gba ọwọ́ mi kọjá á tó ogún. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó rè é. Mo máa ṣí i tán, màá di èèkù mú, màá fi ìka méjì di ojú rẹ̀ mú, màá mì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀-jẹ̀gẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà, mo máa gbé e kalẹ̀ ni, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà màá ká a, màá wò ó láti òkè bóyá àárín èèkù gan-an lojú rẹ̀ jókòó sí àbí ó ń ha ẹ̀gbẹ́ kan, torí èyí tó bá ń ha ẹ̀gbẹ́ báyìí, bí ẹ ṣe ń ṣí i tẹ́ ẹ ń pa á dé ló ń pa ẹnu ara rẹ̀.

Ibi tó le ni lọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò wọ́n yìí, irin pẹlẹbẹ kan nínú èèkù ló máa ń fò wá sábẹ́ ìdí ojú ọ̀bẹ láti dá a dúró. Ẹ wo ibi tí irin yẹn dé. Bó bá jẹ́ etí báyìí ló fi kàn án, tàbí kó jẹ́ pé nígbà tó ṣì wà ní tuntun ó ti sáré kọjá lọ fara kan ògiri kejì, kò ní pẹ́ tí á fi máa yọ̀. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ etí tábìlì, díẹ̀díẹ̀ o, kí ìka yín má sì sí lójú ọ̀nà tó máa gbà ká, mo bẹ̀ yín. Ọ̀kan ká lọ́wọ́ mi lójú ẹni tó ń tà á, òun alára fò sókè, ó ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Mo ní ó dáa, ẹ gba ọ̀bẹ yín.

Ti irin ńkọ́? Èyí tí wọ́n bá kọ «Stainless» nìkan sí lára tí wọn ò dárúkọ irin, àfi kẹ́ ẹ fi ṣe tẹ́tẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí 8Cr13MoV, irin àwọn ará Ṣáínà ni, kò wọ́n, ó sì rọrùn láti pọ́n. 12C27 àti 14C28N jẹ́ irin Sweden, wọn kì í tètè dípẹtà, èmi fẹ́ràn wọn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń làágùn. D2 máa ń pẹ́ kó tó kúnu, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kú, ẹ ó jókòó ti òkúta pẹ́, kò sì bá omi ṣọ̀rẹ́. (Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ D2 sára irin o, ẹ wo ẹni tó tẹ̀ ẹ́.) Bí wọ́n ṣe sun irin náà níná tún ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ, irin kan náà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ méjì lè máà jọra rárá.

—

Mo fi ṣí ìdérí agolo ọ̀dà. Ṣóńṣó rẹ̀ kán. Mi ò ní ọ̀rọ̀ míì.

—

Hahaha, ẹni òkè yìí, ẹ pẹ̀lẹ́. Tèmi, omi ló fojú mi rí nǹkan. Mo ra ọ̀bẹ onígi kan tí irin rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń dípẹtà, torí wọ́n ní ó máa ń mú ju àwọn tó kù lọ, òótọ́ sì ni, ó mú bí abẹ. Mo fi gé èso kíkan, ojú rẹ̀ ṣú bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀, ẹ̀rù bà mí, wọ́n ní kò burú, àwọ̀ dúdú yẹn tiẹ̀ ń dáàbò bò ó díẹ̀, pupa ni kí n máa bẹ̀rù. Ọjọ́ kan òjò wá pa mí, mo gbé ẹ̀wù tútù sọ́rí àga pẹ̀lú ọ̀bẹ nínú àpò rẹ̀, mo sùn. Láàárọ̀ igi ti mumi yó, ó wú, ó há ojú ọ̀bẹ mọ́nú, ẹ̀mú ni mo fi fà á jáde, pupa yẹn sì ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí.

Mo jẹ́ kó gbẹ fọ́jọ́ méjì, mo ní kí n gbẹ́ inú ihò yẹn fẹ̀ díẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, mi ò rò ó rí pé ọ̀rọ̀ yẹn á ṣẹ mọ́ mi lára bó ṣe wà nínú òwe, ọ̀bẹ aládùúgbò ni mo lọ yá. Mo wá fi sáńpépà ha á, mo yí àbẹ́là mọ́ ọn, látìgbà náà kò há mọ́. Àṣìṣe kejì tí mo ṣe ni pé òróró ìdáná ni mo kán sí ibi tó ti ń ká, lóṣù méjì ó ti dì bíi gọ́ọ̀mù. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ̀kán kan ti tó, kẹ́ ẹ fi aṣọ nù ún.

—

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ pípọ́n yẹn, òun ni mo bá wá. Ọ̀bẹ kejì tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní kì í mú, bóyá irin rẹ̀ ni kò dáa, bóyá ọwọ́ ni. Èmi náà sọ méjì nù kí n tó mọ̀ pé mi ò mọ ọ̀bẹ pọ́n. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra nǹkan kan. Ẹ dojú ife tánganran dé, ẹ ó rí òrùka kan ní ìdí rẹ̀ tí kò dán, tó rí gbágungbàgun, òkúta ìpọ́nbẹ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé ọ̀bẹ lé e ló máa ń dààmú èèyàn. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán, ẹ dà á sílẹ̀ dé ìdajì, ẹ tún dà á dé ìdajì ìyẹn, ẹ ti wà nítòsí dígírì 20 nìyẹn, ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa fà á, ẹ fa ọ̀tún, ẹ fa òsì, bí ẹni fẹ́ ré awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lójú ife, ẹ má kánjú, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Tó bá ti lè gé etí bébà láì fà á ya, ó ti tó.

Èyí tó ní eyín bí ayùn yẹn, òun ni kò ṣeé pọ́n lọ́nà yìí. Ó dáa fún okùn, ẹni tí kì í ṣe okùn ló ń gé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kó fi sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ọ̀bẹ tó kúnu ò léwu, òun lẹ máa ń fi agbára tì, òun ló sì máa ń yọ̀ lọ sọ́wọ́ kejì.

—

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rè é o, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo kọ́kọ́ pọ́n ọ̀bẹ kejì yẹn ní ìdí ife. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ó mú. Kò pẹ́ lọ títí kó tó tún kú, irin rẹ̀ ò dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mú, mo ti bú u lásán.

Mo wá ra òmíràn, kì í ṣe ti olórùka, kì í ṣe ti màmá, èyí tí ẹni oníṣẹ́ àtúnṣe ṣàlàyé ni, irin 12C27, ojú rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 7, ṣóńṣó rẹ̀ ò gùn, èèkù rẹ̀ ní àwọ̀ osùn tí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Mẹ́rin ni mo mì kí n tó mú un, ọ̀kan ń jẹ̀gẹ̀, ọ̀kan ń ha ẹ̀gbẹ́, ẹni tó ń tà á ti ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ lé mi jáde. Ó ti pé oṣù méjì báyìí, kò sí síkúrù tó yọ. Ẹni tó sún àga sẹ́yìn níjọ́sí yẹn ló yá a lánàá láti fi ṣí páálí, kò tíì dá a padà.