Kí ló dé tí igbó erékùṣù Krakatau kò fi jọra?

Ìbéèrè (Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1883, òkè ayọnáyèéfín Krakatau, tó wà láàárín erékùṣù Java àti Sumatra ní orílẹ̀-èdè Indonesia, bú gbàmù, ó sì fi eérú gbígbóná bo erékùṣù Rakata, Sertung àti Panjang, débi pé ẹni tó débẹ̀ lọ́dún kejì kò rí ohun abẹ̀mí kankan àfi aláǹtakùn kan ṣoṣo. Igbó ti padà bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, ṣùgbọ́n igi Neonauclea ló gba Rakata, nígbà tí Timonius àti Dysoxylum pọ̀ ní méjì yòókù. Ṣebí ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn jóná?

Ìdáhùn (Ará Oko):
Ọjọ́ kan náà ni, àmọ́ ohun tó tẹ̀lé e ni kò dọ́gba. Ní ọdún 1927 ni òkè tuntun kan, Anak Krakatau, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú òkun láàárín wọn, láti 1930 ni ó sì ti ń da eérú sórí Sertung àti Panjang léraléra, tí ìwọ̀nba díẹ̀ sì ń dé Rakata. Eérú yẹn a máa wúwo lórí ewé títí ẹ̀ka yóò fi dá, a sì máa bo àwọn igi kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn (Àdùnní Ewé):
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ẹni tó gbé kóró wá. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé kóró Neonauclea, torí pé ó fúyẹ́. Ẹyẹ àti àdán ló ń gbé ti Timonius, ẹyẹ ló sì ń gbé ti Dysoxylum. Bákan náà ni àwọn igi ọ̀pọ̀tọ́ ṣe dé: ẹyẹ àti àdán tó jẹ èso wọn lókè òkun ló wá yàgbẹ́ kóró síbẹ̀. Igi tó bá tètè dé lè gba ilẹ̀ mọ́ èkejì lọ́wọ́, kí eérú tó dá sí i.

Ìdáhùn (Ará Oko):
Òótọ́ ni, àbúrò mi. Síbẹ̀, Neonauclea fẹ́ràn oòrùn, kì í sì í hù dáadáa lábẹ́ òjìji ara rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ya, tàbí tí àrá bá ti pa igi ńlá, ni àyè ti ń ṣí fún igi tuntun. Nítorí náà ni n kò ṣe ń ka ọjọ́ orí igbó yẹn láti 1883 nìkan. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ Anak Krakatau wó sínú òkun ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ìgbì tó dìde fọ igbó etíkun àwọn erékùṣù náà lọ, ó sì ku ilẹ̀ gbalaja. Ohun tó ń hù níbẹ̀ nísinsìnyí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá.