Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oògùn tí kì í fẹ́ yòrò sínú omi, kí ni kí n pò ó mọ́?

ọmọ_ajílété
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kàwé. Solid dispersion ni iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé: kí n tú oògùn tí omi kì í ràn ká sínú ohun mìíràn tó fẹ́ràn omi, kó lè tètè yòrò. Ọ̀gá mi ní kí n mú ọ̀kan nínú ibuprofen, oògùn ìrora, àti griseofulvin, oògùn làpálàpá. Ohun tó wà ní lab wa kò pọ̀: water bath, òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ UV tí ń wọn iye oògùn inú omi, àti ẹ̀rọ dissolution kan tí a fi ń wo bí oògùn ṣe ń yòrò, tí NEPA máa ń dá dúró lágbede méjì iṣẹ́. Nínú àwọn ohun tó fẹ́ràn omi yẹn, owó mi lè ra PEG 6000 tàbí PVP K30, kò lè ra méjèèjì. Oṣù mẹ́rin ló kù. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n lo oje igi kajú, torí ó pọ̀ nílùú wa. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?

Apòògùn_Ọ̀yọ́
Àbúrò, mú ibuprofen. Griseofulvin kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 220°C, water bath rẹ kò sì lè dé ìdajì ibẹ̀. Ibuprofen ń yọ́ láàárín 75 sí 78°C, PEG 6000 ní nǹkan bí 60. Yọ́ PEG, da oògùn sí i, rò ó títí yóò fi mọ́ gaara, kí o gbé abọ́ náà sínú omi yìnyín lójú ẹsẹ̀. Má fi falẹ̀ rárá. Bó bá rọra dì, oògùn á ráyè to ara rẹ̀ padà di crystal. Lẹ́yìn náà lọ̀ ọ́, kí o jọ̀ ọ́. Gbìyànjú 1:1, 1:3 àti 1:5, oògùn sí PEG.

Ọ̀nà àtijọ́ ni. Sekiguchi àti Obi ní Japan ló kọ nípa rẹ̀ ní 1961, oògùn sulfathiazole àti urea tó fẹ́ràn omi ni wọ́n yọ́ pọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Tákíé
Ẹ má bínú o, chemist kékeré ni mo ní, mi ò kàwé dé ibẹ̀ yẹn. Kí ló yàtọ̀ nínú èyí àti kéèyàn kàn lọ oògùn náà kúnná?

Àǹtí_Lab
Ẹ kú ọjà, mà. Lílọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, omi á rí ojú púpọ̀ bá jà. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó kúnná tó, crystal ṣì ni. Ẹ wo baba dúdú. Ṣúgà inú rẹ̀ àti ṣúgà inú páálí, ọ̀kan náà ni. Ti páálí to ara rẹ̀ bí búlọ́ọ̀kù ara ògiri, omi gbọ́dọ̀ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti baba dúdú ti yọ́ lórí iná, ó sì dì kó tó ráyè tò. Ohun tí kò tò, omi kì í pẹ́ tú u. Ẹ sì mọ ohun tí baba dúdú ń ṣe bí òjò bá ń rọ̀: á máa lẹ̀ mọ́ bébà. Ìyọnu PVP gan-an nìyẹn, ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn ló sì ń jẹ́ kí oògùn rìn padà sí crystal.

@ọmọ_ajílété, mo gbà pẹ̀lú Apòògùn, ṣùgbọ́n kòtò mẹ́ta wà níwájú rẹ, mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó já sínú gbogbo wọn.

Ásíìdì ni ibuprofen. Nínú buffer pH 7.2, ìyẹn omi tí kò kan, ibuprofen lásán pàápàá ń yòrò wéréwéré. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan lo ti wọ̀n ọ́n, ìlà tìrẹ àti ti oògùn lásán á gun ara wọn lórí, wọn á sì bi ọ́ pé kí lo wá ṣe. Wọ̀n ọ́n nínú 0.1 N HCl pẹ̀lú, omi ásíìdì bíi ti inú ikùn, 900 mL, 37°C. Má sì da 400 mg síbẹ̀ o, omi yẹn kò lè gbà á tán láé.

Ṣe physical mixture, ìyẹn kí o po oògùn àti PEG lásán láìyọ́ wọn. Láìsí i, o ò lè mọ̀ bóyá yíyọ́ ló ṣiṣẹ́ tàbí PEG tó kàn wà nítòsí.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù. Wọ́n á gbé e lọ fún DSC, ẹ̀rọ tí ń fi ooru wá ibi tí nǹkan ti ń yọ́, wọn ò ní rí òkè ibuprofen lórí bébà, wọ́n á kọ ọ́ pé ó ti di amorphous, ìyẹn ohun tí kò tò mọ́. Irọ́ ni! PEG ti kọ́kọ́ yọ́, ibuprofen sì ti yòrò sínú rẹ̀ kí ooru tó dé 75. Fi physical mixture sínú ẹ̀rọ kan náà, o lè má rí òkè yẹn níbẹ̀ pẹ̀lú. XRD, ẹ̀rọ tí ń fi X-ray wo bóyá crystal ṣì wà, ni kí o fi jẹ́rìí, kódà bó bá jẹ́ sáńpù méjì péré lowó rẹ ká.

Ti kajú, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe fún oṣù mẹ́rin. Fífọ̀ ọ́ mọ́ nìkan tó iṣẹ́ ẹnìkan, oje igi kan kì í sì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Fi í sílẹ̀ de Masters.

Sóló_UnderG
Kí ló dé tí kò ra PVP, kó fi ẹ̀mu... ẹ jọ̀ọ́, kó fi ọtí ethanol tú méjèèjì, kó jẹ́ kó gbẹ? Kò ní í fi iná dáná rárá.

Apòògùn_Ọ̀yọ́
Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ethanol tó mọ́ ni o, kì í ṣe spírítì ìpawọ́ inú ìgò tí wọ́n ti fi methanol sí. Ògógóró náà kò wúlò, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí kò sí vacuum oven, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ọtí ti tán níbẹ̀? PEG ni kó rà.

Ohun yòówù tó bá ṣe, kó kó o sínú ìgò pẹ̀lú silica gel tí ń fa omi, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù kan àti oṣù mẹ́ta. Crystal kì í gbàgbé ilé. Ní 1998, crystal tuntun kan tí kì í yòrò dáadáa yọjú nínú kápúsù ritonavir, oògùn HIV, wọ́n sì ní láti kó o kúrò lọ́jà. Nígbà tó yá, wọ́n yọ́ ritonavir àti lopinavir, oògùn HIV mìíràn, pọ̀ mọ́ polymer, ẹbí PEG àti PVP, ó di tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò nílò fíríìjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí iná ṣe rí níbí, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

Ìyá_Ìbejì_Tákíé
Áà! Ṣé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká lo oògùn ibà onílumefantrine pẹ̀lú oúnjẹ ọlọ́ràá?

Apòògùn_Ọ̀yọ́
Ẹbí kan náà ni, mà. Omi kì í ràn án, ọ̀rá ló ń gbé e wọlé. Ẹ máa sọ ọ́ fún wọn.

ọmọ_ajílété
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ra PEG, mo ti yọ́ ti àkọ́kọ́ lánàá. Ó mọ́ gaara, ó sì dì, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ̀ ọ́ ló ń lẹ̀ mọ́ odó bí ẹ̀bà tútù. Ti 1:1 ló burú jù.

Àǹtí_Lab
Àdàpọ̀ méjèèjì lè máa yọ́ ní ooru tó kéré ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ, oòrùn ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà níbẹ̀. Gbé odó àti ọmọ odó sínú fírísà mọ́jú, kí o dé abọ́ oògùn náà pa kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí o lọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀.