Níbo ni mo ti lè rí dókítà ajá tí owó rẹ̀ kò ga jù nítòsí Kétu?

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mo ń gbé, mo sì ní ajá kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ wú, tí ó ń sun ọ̀yún, débi pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń tiro lọ sídìí abọ́ omi rẹ̀. Màlúù, ewúrẹ́ àti adìyẹ ni iṣẹ́ àwọn dókítà ẹran tí mo mọ̀ níhìn-ín dá lé (n kò dá wọn lẹ́bi, ibẹ̀ ni owó wà), ẹni tí ó sì gbà láti wò ó ní kí n gbé e lọ sí Kútọnu, bẹ́ẹ̀ owó ọkọ̀ nìkan yóò jẹ owó oògùn tán. Aládùúgbò kan ní kí n fún un ní ibuprofen, oògùn ara ríro tí àwa ènìyàn ń lò. Mo kọ̀, nítorí pé ibuprofen lè ba inú àti kíndìnrín ajá jẹ́.

Ǹjẹ́ ẹ mọ dókítà kan ní Pobẹ tàbí Àjàṣẹ́ tí yóò gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Àbí kí àwa olájá àdúgbò dáwó jọ, kí a pè é wá, kí ó lè fún àwọn ajá yòókù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́jọ́ kan náà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ iye tí ẹ san, kí n lè mọ èyí tí n ó yá.