Ẹ gbà mí o: ọmọ mi ń gbé páálí kiri nítorí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà

Abiyamọ Kent
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, ohun tójú mi ń rí ti pọ̀ jù. 2022 ni mo dé Kent, nílẹ̀ England níbí. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, iṣẹ́ alẹ́ sì ni. Tí mo bá fi máa dé láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á ti wú. Bàbá àwọn ọmọ wà n'Íbàdàn, kó pè kó máa pariwo lórí fóònù nìkan ló mọ̀.

Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níléèwé, wọ́n ní àwọn fẹ́ la aráàlú lójú nípa ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Gbogbo ìsọkúsọ tí wọ́n ti sọ sí wọn ni wọ́n kọ sára páálí: "Ọ̀bọ." "Ẹ padà sílé yín." "Ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń fọ irun yẹn?" Wọ́n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tí wọ́n ti ń jẹun níléèwé. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n gbé e dúró níwájú ilé ìkàwé ìlú. Ìyá òyìnbó ẹ̀gbẹ́ ilé mi, tó máa ń bá mi gba ẹrù tí mi ò bá sí nílé, kò kí mi dáadáa mọ́.

Ọmọ yìí kì í fọ abọ́ o! Ẹ̀fọ́ tí mo ní kó máa bá mi rò, ó jó mọ́ ìkòkò, fóònù ló ń tẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a lẹ́kun tí ò fi ní kórìíra mi?

Bọ̀dá Káyọ̀dé
Gba fóònù ẹ̀. Ilé onílé la wà. Oúnjẹ la wá wá, a ò wá jà. Ìdánwò GCSE ni kó gbájú mọ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Bọ̀dá Káyọ̀dé, ṣé fóònù ló pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀bọ ni? Àbúrò mi, kí ni iléèwé sọ? Ṣé wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹ? Kí ló sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gan-an?

Abiyamọ Kent
Ẹ ṣé mà. Irun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo di ṣùkú fún un, mo yà á tín-ín-rín tín-ín-rín láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, mo wá fi ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké sí i lókè. Tíṣà kan ní kó lọ tú u, pé ó ń dí àwọn tó kù lọ́wọ́. Mo ní kó tú u, kí àlàáfíà lè wà. Ó kọ̀.

Àǹtí Pẹ̀lúmi, Peckham
Òyìnbó ló tọ́ èmi. Àwọn òbí mi ń kàwé ní London, wọ́n wá fi mí sọ́dọ̀ ìyá kan létí òkun, ní Kent yín níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń sanwó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ṣe bẹ́ẹ̀ láyé 1960 sí 1970. Èmi nìkan ni dúdú níléèwé. Wọ́n á fi itọ́ sọ́wọ́, wọ́n á fi ra mí lápá, bóyá ó máa ṣí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Títí dòní, tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan irun mi láìròtẹ́lẹ̀, àyà mi á já. Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀dé
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣùgbọ́n àwa tá a wà lórí físà ò lè ṣe bíi tiyín. Àwọn baba wa tó wá síbí, ìwé ni wọ́n kà, wọ́n sì padà sílé jẹ́jẹ́.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Jẹ́jẹ́ bíi ti ta ni? Ládiípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, òfin ló wá kà. Nígbà ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, London, ní 1924, tí ìwé ìròyìn kan ń kọ ìranù nípa àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kálàmù ló fi kò wọ́n lójú. Ní 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, tí onílé bá ti rójú ẹ báyìí, yàrá ti tán nìyẹn. Ṣólańkẹ́ yí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ká láti 1929 dé 1932, ó ń tọrọ owó, kí WASU tó ṣílé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden, London, ní 1933. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn o, Káyọ̀dé.

Rónkẹ́ B.
Ẹ gba fóònù ẹ̀ mà. Tèmi náà ṣe irú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Mo béèrè lẹ́tà, ẹ ń sọ̀rọ̀ fóònù. Iléèwé ńkọ́?

Abiyamọ Kent
Fóònù yẹn ló fi ń kàwé nílé báyìí. Igbákejì ọ̀gá iléèwé pè mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, oorun ń kùn mí. Ó rọra bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n ṣì mú un dúró sílé kí ara gbogbo èèyàn fi balẹ̀. Mo ní kò burú. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì. Lẹ́tà kankan ò wá. Mi ò fẹ́ fa ọ̀rọ̀, kí wọ́n má lọ gbọ́ níbi iṣẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan físà mi.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ọlọ́run mi! Ọmọ Year 11, kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe GCSE? Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó iléèwé rí, gbọ́ mi dáadáa. Ní England níbí, ọ̀gá iléèwé nìkan ló láṣẹ láti dá ọmọ dúró sílé, ó sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí òbí láìjáfara: ohun tọ́mọ ṣe, iye ọjọ́ tó máa lò nílé, àti bí òbí ṣe lè bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá ju ọjọ́ márùn-ún lọ, láti ọjọ́ kẹfà ó di dandan kí iléèwé wá ibi tọ́mọ á ti máa kẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ ṣì mú un dúró ná" yẹn ò bófin mu, kódà bí ìwọ ìyá ẹ̀ bá ní kò burú.

Táyé, agbẹjọ́rò
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ti irun náà, Òfin Ìdọ́gba ti 2010, tó ka ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà léèwọ̀, ń bẹ. Ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga dá iléèwé kan ní London lẹ́bi torí pé wọ́n dá ọmọkùnrin kan padà nítorí irun dídì. Àjọ tó ń rí sí ìdọ́gba sì tún kìlọ̀ fún àwọn iléèwé lórí ọ̀rọ̀ irun ní 2022. Mà, ẹjọ́ ọ̀daràn kọ́ ni kí iléèwé dá ọmọ dúró. Kò kan ibi iṣẹ́ yín.

Bọ̀dá Káyọ̀dé
Kò kúkú sọ pé wọ́n ti dá a dúró sílé. Ìyẹn yàtọ̀. Àmọ́ kó máa fọ abọ́ o.

Abiyamọ Kent
Ẹ bá mi wo ohun tí mo fẹ́ kọ sí iléèwé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ọmọ mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ gbà á padà."

Ìyá Ìbejì, Leeds
Rárá o! Yọ gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn kúrò. Kọ ọjọ́ tó pè ẹ́, orúkọ ẹ̀, ohun tó sọ. Ní kí wọ́n fún ẹ ní lẹ́tà, tí ò bá sí lẹ́tà, ọmọ ń bọ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ alábòójútó. Ímeèlì ni o, má pè wọ́n. Tí wọ́n bá pè ẹ́, ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.