Ẹ gbà mí o: léèsì tí a ò rà rí ń jáde nínú àkọsílẹ̀ ọjà màmá mi

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi. Màmá mi ń ta léèsì àti àǹkárá ní Balógun l'Ékòó, Yàbá ni èmi ń gbé. Lọ́dún tó kọjá ni mo kọ ètò kékeré kan fún wọn ní C++ (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), kí wọ́n lè yéé fi bírò kọ iye yáàdì sẹ́yìn páálí. Gbogbo dísáìnì ló ní nọ́ńbà lára páálí rẹ̀: LS-101, LS-102, AK-310, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ tó 1,800. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń wá ọjà, iye yáàdì tó kù ló wà nídìí rẹ̀.

map (àpótí inú C++ tó ń to ọjà ní ìtò kọ́kọ́rọ́ wọn) ni mo kọ́kọ́ lò, a ò sì ní wàhálà kankan. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ará àtijọ́ ni mí, pé unordered_map, àpótí kejì tí kì í tò, ló yá jù. Mo yí i padà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé e lọ sọ́jà láàárọ̀. Láti ìgbà náà lojú mi ti ń rí nǹkan.

Àkọsílẹ̀ tí màmá mi máa ń tẹ̀ jáde láàárọ̀ Sátidé, tó máa ń tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti dàrú. LS-877 ló ṣíwájú, AK-012 tẹ̀ lé e. Wọ́n bi mí pé ta ló tú ìsọ̀ àwọn ká. Èyí ṣì kéré. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn léèsì tí a ò rà rí. LS-2O4 wà níbẹ̀, lẹ́tà O ló wà láàárín, kì í ṣe òdo. AK-999 náà wà níbẹ̀. Òdo yáàdì ló wà nídìí gbogbo wọn. Mo ka 61. Ọmọ iṣẹ́ wa ti ń pè wọ́n ní iwin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń yí gbogbo ọjà po pẹ̀lú for (àṣẹ tó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan), mo sì ń fi dísáìnì tuntun kún un lẹ́ẹ̀kan náà, ni ètò náà bá kú mọ́ mi lọ́wọ́. Oníbàárà sì dúró tì wá.

Ṣé unordered_map yìí ló ní àrùn ni, àbí èmi ni? Ìlà tá a fi ń tajà nìyí:

`if (oja[nomba] > 0) ta(nomba);`

Bọ̀bọ́ Ṣómólú
Padà sí bírò àti páálí. Páálí kì í kú lójú oníbàárà.

Ẹ̀gbọ́n Oníkóòdù
Bọ̀bọ́, jẹ́ ká gbọ́rọ̀. Àbúrò, ìlà tó o kọ síbẹ̀ yẹn ti jẹ́wọ́. Ìwọ rò pé ò ń béèrè ni, àmọ́ àkámọ́ onígun yẹn, [ ], kì í béèrè. Ó máa wá nọ́ńbà náà, bí kò bá rí i, ó máa dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó máa fi òdo sí i, kó tó wá dá ọ lóhùn. Oníbàárà wọlé, ó ní ṣé ẹ ní LS-240, ọmọ iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ò ní in. Láti ìṣẹ́jú yẹn LS-240 ti di ọmọ ilé.

Map náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo lè búra pé àwọn iwin kan ti wà níbẹ̀ látìgbà náà. Nínú ohun tó tò, LS-2O4 á kàn jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn LS-299 ni, ta ló máa kíyè sí i? Ìgbà tí gbogbo nǹkan dàrú lẹ wá fara balẹ̀ wò ó.

Béèrè báyìí:

`auto ibi = oja.find(nomba);`
`if (ibi != oja.end() && ibi->second > 0) ta(nomba);`

find kì í bímọ. Bí kọ̀ǹpáílà rẹ (ohun tó ń sọ kóòdù di ètò) bá mọ C++20, contains náà wà, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa fi dá ọ lóhùn.

Ìyá Ìbejì Akọ́kà
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti iwin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èyí tó kú, torí bí mo ṣe ń ṣàlàyé é fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nìyí.

Nínú unordered_map, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló tò sílẹ̀ lọ rẹrẹ. Bí LS-877 bá dé, a ò wo ta ló ṣíwájú rẹ̀. A máa fi àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ìṣirò kan, ìṣirò yẹn ló ń sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa bọ́ sí. Òun ni wọ́n ń pè ní hash. Lọ́la tá a bá tún ń wá a, ìṣirò kan náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, a ò ní tú gbogbo ìsọ̀. Bí méjì bá bọ́ sójú kan, a máa so wọ́n mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìdí tí kò fi lè tò nìyẹn, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ọ́ fún wa, unordered. (Wọn ì bá pè é ní hash_map nígbà tí C++11 gbé e dé ní 2011, àmọ́ àwọn míì ti ń lo orúkọ yẹn nínú kóòdù tiwọn, wọn ò fẹ́ kí méjèèjì forí gbárí.)

Wàyí o, bí ọjà bá ti pọ̀ ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kún un, á sì tún gbogbo ọjà pín. max_load_factor, ìyẹn iye ọjà tí wọ́n gbà fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní ìpíndọ́gba, ló ń pinnu ìgbà tó máa ṣe é, 1.0 ni wọ́n bá wa fi síbẹ̀. Iterator (ìka tí for fi ń mọ ibi tó dé) tó o dì mú nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù lọ ti dòfo, òun lo tún fẹ́ fi ṣí ilẹ̀kùn. Ohun tó pa ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn. Ó yà mí lẹ́nu pé pointer, ìyẹn àdírẹ́sì, tó bá ń tọ́ka sí ọjà fúnra rẹ̀ kì í bàjẹ́, iterator nìkan ni. Kó àwọn dísáìnì tuntun sínú vector (àtòjọ lásán) ná, kó o fi wọ́n kún un nígbà tí for bá parí.

Ọmọ Python
Ẹ dákun, ẹ fi C++ sílẹ̀. Èdè míì ni Python; láti Python 3.7, dict, tó dà bíi map yín, kì í tú nǹkan ká mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Oníkóòdù
Ìtò tí ọjà fi wọlé ló ń rántí, kì í ṣe ìtò nọ́ńbà. Bí LS-877 bá kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló máa ṣíwájú lọ́jọ́ Sátidé. Defaultdict yín, dict tó ń dá kọ́kọ́rọ́ tí kò rí sílẹ̀, sì ń bí iwin bíi tiwa.

Ọmọ Python
Mo ti sá.

Kò-Sáré
1,800 péré! Map á fi nọ́ńbà wé ara wọn ní nǹkan bí ìgbà 11, ó ti rí i. Ká ní mílíọ̀nù kan ni, nǹkan bí 20. Ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ yín fi ń wá lẹ́tà L lórí kíbọ́ọ̀dù pọ̀ jùyẹn lọ fíìfíì. Padà sí map, jẹ́ kí màmá rí ìtò wọn.

Ìyá Ìbejì Akọ́kà
Ó sì lè fi unordered_map sílẹ̀, kó da nọ́ńbà sínú vector, kó fi sort tò ó ní Sátidé nìkan.

Kò-Sáré
Mà, láti Akọ́kà sí Yàbá, kí la fẹ́ gba Òṣòdì ṣe?

Ìyá Ìbejì Akọ́kà
😂 Ó dáa, mo gbà.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti padà sí map, mo ti fi find síbẹ̀, ètò náà ò kú mọ́. Ọ̀rọ̀ míì ló tún wá délẹ̀. Mo fẹ́ pa àwọn iwin 61 rẹ́ lálẹ́ àná, màmá mi ní kí n dúró. Wọ́n gbé awò ojú wọn, wọ́n ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. AK-999, wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ ló ń fi kíbọ́ọ̀dù ṣeré. LS-240, wọ́n ní obìnrin kan tó wá ra aṣọ ẹbí ló mú nọ́ńbà rẹ̀ wá, ó bínú lọ nígbà tí a ò ní in. Wọ́n ní ṣé orí mi pé, pé ọjà tí àwọn ènìyàn ń béèrè tí àwa ò ní ni mo fẹ́ pa rẹ́ yìí. Wọ́n fẹ́ mọ iye ìgbà tí wọ́n béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n Oníkóòdù
Màmá gbọ́n jù wá lọ. Ṣe àpótí kejì, kó jẹ́ unordered_map, pè é ní beere. Níbi tí find bá ti sọ pé kò sí, kọ èyí:

`beere[nomba]++;`

Iṣẹ́ àkámọ́ onígun gan-an nìyẹn. Bí nọ́ńbà náà ò bá sí níbẹ̀, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó máa fi ọ̀kan kún un. Níbí la ti fẹ́ kó bímọ. Bí màmá bá fẹ́ kí èyí tí wọ́n béèrè jù ṣíwájú, map ò lè ṣe ìyẹn náà, torí kọ́kọ́rọ́ ló fi ń tò, kì í ṣe iye. Ìgbà yìí gan-an lo máa dà á sínú vector. Kí o sì sọ lẹ́tà O tó bá wà lẹ́yìn LS tàbí AK di òdo kó o tó wá nọ́ńbà.

Kò-Sáré
A ti gba Òṣòdì náà nìyẹn.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ
Ó di ọjọ́ mẹ́rin tá a ti fi sí i. Wọ́n ti béèrè LS-240 lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Màmá mi wò ó lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ó dáa, wọ́n fa bírò yọ, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí.

Bọ̀bọ́ Ṣómólú
Mo sọ ọ́.