Báwo ni mo ṣe lè fi ẹnu so sípíkà méjì pọ̀?

Ìyá Ìbejì, Surulere: Ẹ kú ilé o. Sípíkà Sonos méjì ló wà nílé mi, ọ̀kan ní pálọ̀, ìkejì ní kíṣìnì. Tí mo bá ń ro àmàlà, mo fẹ́ kí orin máa dún níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti kún fún ẹ̀lùbọ́, mi ò lè tẹ fóònù. Tí màmá wa bá sì fẹ́ gbàdúrà ní pálọ̀, mo fẹ́ yọ tibẹ̀ kúrò kíákíá.

Bọ̀dá Yaba: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ tan Sonos Voice Control, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ẹ fi ohùn pàṣẹ fún sípíkà, nínú áàpù Sonos; 2022 ni ètò náà jáde. Kí ẹ wá sọ pé: "Hey Sonos, group Kitchen and Living Room." Láti tú wọn ká: "Hey Sonos, ungroup Living Room." Orúkọ tí yàrá ń jẹ́ nínú áàpù ni kí ẹ pè. Inú sípíkà gan-an ló ti ń túmọ̀ ohùn yín, kì í gbé e lọ síta. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Kò gbọ́ Yorùbá, ó sì ń dùn mí.

Àǹtí Ẹ̀búté Mẹ́ta: Ti sípíkà Google yàtọ̀: inú áàpù Google Home lẹ ti máa kó wọn jọ, ẹ fún wọn lórúkọ, lẹ́yìn náà ẹ pe orúkọ yẹn. Wi-Fi kan náà ni kí gbogbo wọn wà.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Ti kíṣìnì ò ní maikirofóònù, irú Sonos tí wọ́n ń pè ní One SL ni.

Bọ̀dá Yaba: Kò burú, mà. Ẹ bá ti pálọ̀ sọ̀rọ̀, ó máa darí ìkejì.